Omi Tí Risi Ń Gbá

Lánàá, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi ní Àmùkòkò, mo ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí orin náà ta sí mi létí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ṣeré nínú kọ́rídọ̀. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán gbálẹ̀ bí ẹni tó mú ìgbálẹ̀ dání. Àwọn yòókù tò sẹ́yìn ìlà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń bi í, ó sì ń dá wọn lóhùn:

Risi, kí lò ń gbá?
Omi ni mò ń gbá.
Risi, ṣé ó ti lọ?
Ó kù díẹ̀ kó lọ.
Risi, ta ló wà níta?
Bàbá mi ló wà níta.
Ṣé kí wọ́n máa bọ̀?
Ó ti lọ o, ẹ máa bọ̀!

Bó bá ti pe "ẹ máa bọ̀" yẹn, gbogbo wọn á sáré kọjá ìlà pẹ̀lú ariwo, ẹni tó bá sì kẹ́yìn ni yóò di Risi. Mo pe ọmọ-ọmọ mi. Mo ní, "Ta ni Risi?" Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè orúkọ òṣùpá lọ́wọ́ òun. Ó ní, "Ìyá àgbà, eré lásán ni o. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó sì sá padà sídìí eré rẹ̀, nítorí wọ́n ti fẹ́ sọ ọ́ di Risi.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹnì kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Risikátù lorúkọ rẹ̀. Pákó kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá tiwọn àti yàrá tiwa, tó bá sín lápá ọ̀hún, èmi náà á ní "pẹ̀lẹ́" lápá ìhín. Èmi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí, mo lè sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ajégúnlẹ̀ la wà nígbà náà, lápá ibi tí ilẹ̀ ti ń parí tí irà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilé pákó ni ilé wa, yàrá ń kọjú sí yàrá, àgbàlá wà láàárín, wọ́n sì fi pákó gígùn kan ṣe afárá láti ojú títì wọlé. Ìyẹ̀fun igi àti ìdọ̀tí ni wọ́n fi dí irà kí wọ́n tó kọ́ ilé náà, torí náà bí èèyàn bá sọ odó sílẹ̀ níwájú yàrá kìn-ín-ní, ẹni tó wà ní yàrá ìkẹyìn á mọ̀ ọ́n lára. Òórùn ẹja yíyan àti òórùn ẹrẹ̀ la fi ń sùn, òun náà la fi ń jí.

Omi ọ̀sà kì í jókòó sójú kan. Èyí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Á kún, á gba inú kánáàlì, á gba inú irà, á yọ́ wọ àgbàlá wa láìjẹ́ pé òjò kán sílẹ̀ rárá. Á dúró dé ọrùn ẹsẹ̀, nígbà mìíràn á dé ojúgun. Tó bá tó àkókò rẹ̀, á tún fà padà, á sì fi ẹrẹ̀ àti sálúbàtà ẹlòmíràn sílẹ̀ fún wa. Ìyá mi rí sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún kan báyìí tó dára gan-an, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gbé e sórí àjà, wọ́n ní àwọn ń dúró de ọjọ́ tí omi máa gbé ti òsì wá. Ọmọ etí omi ni gbogbo wa. Bí omi bá wọlé, a ó gbé ìdáná sórí tábìlì, a ó ká aṣọ sókè, ìgbésí ayé ń lọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni Risi ti wá ní tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí Èkó, wọ́n rí iṣẹ́ létí omi Kírìkirì, nídìí bájì. Bájì yìí, ọkọ̀ omi pẹrẹsẹ ńlá ni, kò ní ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ mìíràn ló máa ń fà á lọ bá àwọn ọkọ̀ òkun tó wà lójú agbami, tí wọ́n á kó àpò sìmẹ́ńtì sínú rẹ̀, tí wọ́n á sì fà á padà wá sílẹ̀. Iṣẹ́ Bàbá Risi ni láti máa ru àpò sìmẹ́ńtì náà. Òru ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n ti rí yàrá gbà, wọ́n ránṣẹ́ sí ìyàwó àti ọmọ wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, igbe ló jí wa. Risi ti jí ní ìdájí láti gbálẹ̀, nítorí níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, ọmọbìnrin kì í kí ẹnikẹ́ni káàárọ̀ kó tó gbá ojúlé bàbá rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá omi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló da omi sílẹ̀ o?"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Inú kànga àti ojú ọ̀run nìkan ni Risi ti mọ̀ pé omi ń wá. Tí òjò kò bá ti rọ̀, èèyàn kan ló dà á nù, kí onítọ̀hún sì jáde wá tọrọ àforíjì. Nígbà tí kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́, ó ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá omi lọ sí ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe rìn, àkókò tí omi ń fà gan-an ló ṣe kòńgẹ́. Bó ṣe ń gbá, bẹ́ẹ̀ ni omi ń lọ. Nígbà tó fi dé ìdí afárá, ilẹ̀ ti hàn lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ja ìjà tó sì borí. Ohun tó wà lójú rẹ̀ ni pé: ẹ̀yin ọ̀lẹ yìí, ṣé ìgbálẹ̀ lẹ ò ní látọjọ́ yìí?

Láti ọjọ́ náà, ó di iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí omi bá ń fà, á gbá a, á lọ. Lọ́jọ́ tó bá ń kún, á gbá a, á tún máa pọ̀ sí i, á wá ní àwọn ará ilé ẹ̀yìn ló ń da omi ìfọṣọ wọn sọ́dọ̀ wa. Ó tiẹ̀ lọ bá wọn lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, omi yín ti pọ̀ jù." Ìyá tó bá níbẹ̀ bu ẹ̀pà fún un, wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Àárọ̀ ni bàbá rẹ̀ máa ń ti ibi iṣẹ́ dé. Sìmẹ́ńtì á ti sọ wọ́n di funfun látorí dé ẹsẹ̀, ojú nìkan lèèyàn á fi mọ̀ wọ́n. Wọ́n á dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí afárá pákó ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní wọlé.

"Risi, ṣé kí n máa bọ̀?"

"Ẹ dúró ná, Bàbá mi, ó kù díẹ̀ kó lọ!"

Ọkùnrin tó ti ru àpò mọ́jú á lóṣòó síbẹ̀, á gbé bàtà lé orí itan, á máa rin pákò. Àwọn tí wọ́n jọ ń bọ̀ láti Kírìkirì á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Lọ́jọ́ kan tí omi ń kún, wọ́n jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ìyàwó wọn pariwo látinú ilé, "Bàbá Risi, ẹ wọlé jàre, ẹ̀kọ ti dì!" Wọ́n ní, "Ẹni tó ni ojúlé ò tíì ní kí n wọlé." Bí Risi bá wá pe "ó ti lọ o, ẹ máa bọ̀", wọ́n á dìde, wọ́n á gorí afárá kọjá gẹ́gẹ́ bí ọba, wọ́n á ní, "Ìgbálẹ̀ ọmọ mi yìí lágbára o."

Màmá Ebi ló bá wọn sọ ọ́. Ará Ìjọ́ ni Màmá Ebi, àwọn ló ń yan ẹja lẹ́yìn ilé wa. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n mọ̀ bí omi ṣe ń rò. Èdè wọn ò tọ́ tààrà, ṣùgbọ́n ó máa ń yé wa. Wọ́n ní, "Bàbá Risi, ẹ̀yin náà sabi dis water. Ẹ sọ fún pikin yìí pé kì í ṣe ìgbálẹ̀ ẹ̀ ló ń lé e."

Bàbá Risi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Màmá Ebi, ẹ fi í sílẹ̀. Gbogbo òru ni omi fi ń dẹ́rù bà mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Ó dùn mọ́ mi kí n délé kí n bá ẹnì kan tó ń lé e nítorí mi."

Ibẹ̀ ni orin yẹn ti ṣẹ̀. Àwa ọmọ àgbàlá la máa ń tò sórí afárá, tí a máa ń fi bi í léèrè bí ẹlẹ́yà: "Risi, kí lò ń gbá?" Risi kì í gbójú sókè, iṣẹ́ ló ń ṣe, bó bá ṣe ń gbá náà ló ń dá wa lóhùn. Torí náà ìdajì orin yẹn, ẹnu wa ló ti wá. Ìdajì kejì, ẹnu Risi fúnra rẹ̀ ni, kò sì fi kọrin nígbà tó ń sọ ọ́. Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ sí i. Nígbà tó tún yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bí bàbá rẹ̀ bá ti gorí afárá, gbogbo wa la jọ máa ń sáré wọlé tẹ̀ lé wọn.

Àárọ̀ kan nígbà òjò, Bàbá Risi ò dé.

Risi gbálẹ̀ tán, ó pe títì, kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin kan wá, wọ́n ṣí fìlà. Bájì tí Bàbá Risi wà nínú rẹ̀ ti dojú dé lójú ọ̀sà. Àwọn tó mọ omi wẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ jáde. Bàbá Risi ò mọ omi wẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Wọ́n wá wọn títí, wọn ò rí wọn. Aáfà wá, wọ́n ṣàdúà ní àgbàlá láìsí òkú nílẹ̀, Ìyá Risi sì jókòó ṣe opó nínú yàrá.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, ọ̀nà tí àwọn àgbà ń gbà bá ọmọdé sọ̀rọ̀ ikú ló fà á. Kò sẹ́ni tó pe Risi jókòó. Bó bá béèrè, wọ́n á ní, "Bàbá ẹ ò tíì dé ni." Wọ́n á bu iyán fún un, wọ́n á ní kó jẹun. Ọmọdé náà sì ní ọgbọ́n orí tirẹ̀. Bàbá òun ò tíì dé. Bàbá òun kì í wọlé tí omi bá wà nílẹ̀. Omi sì wà nílẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé bàbá òun wà níbì kan níta, wọ́n lóṣòó, wọ́n gbé bàtà lé orí itan, wọ́n ń dúró de òun.

Ó mú ìgbálẹ̀, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́.

Òjò ọdún yẹn ò fún wa nísinmi. Omi òkè ń bọ̀, omi ọ̀sà ń bọ̀, bí eléyìí bá fà, tọ̀hún á dí àyè rẹ̀. Risi gbá a láàárọ̀, ó gbá a lọ́sàn-án, ó gbá a nínú òjò. Ìgbálẹ̀ tó mú wá láti ilé jẹ títí ó fi kúrú bí ọwọ́. Ìyá mi fún un ní tiwa. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Nígbà kan, àwọn ọmọ tún tò sórí afárá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin, ó sì dá wọn lóhùn bó ṣe máa ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí "ta ló wà níta", ohùn tó fi dáhùn mú kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọlé lọ bá ìyá wọn.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Risi, jẹ́ ká lọ sílé-ìwé."

"Ta ló máa wá gbá a?"

"Omi yìí ò lè tán, Risi."

Ó wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́n. "Wọn ò ní wọ inú omi. Ṣé ìwọ náà ò mọ̀ wọ́n ni? Wọ́n máa ń dúró."

Nígbà tí Ìyá Risi parí opó, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti kó wọn lọ sílé. Wọ́n di ẹrù. Risi di òpó ẹnu ọ̀nà mú. Ẹ̀gbọ́n náà fà á, ó bù wọ́n jẹ. Ó ní bí òun bá lọ, ta ló máa sọ fún bàbá òun pé kí wọ́n máa bọ̀? Ṣé kí wọ́n kàn máa dúró síbẹ̀ ni?

Inú bí ẹ̀gbọ́n náà. "Ìwọ ọmọ yìí, bàbá ẹ ti..."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́," ni Ìyá Risi wí. Wọ́n kúnlẹ̀ síbẹ̀, nínú omi. Ẹ̀gbọ́n náà tú ọwọ́ Risi sílẹ̀.

Màmá Ebi ti ibi ẹja wọn wá, wọ́n nu ọwọ́ sára ìró. Wọn ò sunkún, wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní ìmọ̀ràn. Wọ́n béèrè ìgbà tí ọkọ̀ máa gbéra. Ẹ̀gbọ́n náà ní ó di ọ̀sán ọ̀la. Màmá Ebi lọ wo omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó afárá, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n wo ojú ọ̀run náà. Wọ́n ní, "Ọ̀la, omi máa fà láàárọ̀, á fà gan-an. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ lónìí." Wọ́n wá ń lọ láti yàrá dé yàrá, wọ́n ń fi ìka kan ilẹ̀kùn. "Ọ̀la, everybody carry ìgbálẹ̀ come out. Mi ò fẹ́ ẹ̀rín o."

Bí wọ́n ṣe kírun àárọ̀ tán, àwọn ìyá jáde. Gbogbo àwọn ìyá àgbàlá. Wọ́n ká ìró sí ìbàdí, kálukú mú ìgbálẹ̀. Ìyá mi wà níbẹ̀, àwọn gan-an ló rẹ́rìn-ín jù lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyá Risi wà níbẹ̀. Wọ́n tò lẹ́yìn ọmọdé yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọ̀sà.

Ká sòótọ́, ó pani lẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì kan tó ń kọjá dúró, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí, ṣé kò sí o?" Ìyá mi ò gbójú sókè. "Máa ta búrẹ́dì ẹ lọ!" Risi wà níwájú, ó ń pàṣẹ fún wọn bí fọ́mànù. "Màmá Ebi, ẹ̀gbẹ́ yẹn ṣì kù mà. Màmi, ẹ ò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa." Àwọn àgbàlagbà ń dáhùn, "A ti gbọ́, ìyá wa." Omi sì ń lọ. Ó ń lọ nítorí àkókò rẹ̀ tó, gbogbo wọn ló mọ̀, kò sí ẹni tó dáwọ́ dúró. Ilẹ̀ ń hàn lẹ́yìn wọn, ó dúdú, ó ń dán, títí tí kò fi sí omi mọ́ bíkòṣe ẹ̀kán díẹ̀ nídìí ìkòkò kan. Risi lọ gbé ìkòkò náà, ó gbá èyí pàápàá.

Ó wá gorí afárá, ó rìn dé etí títì. Àwọn òṣìṣẹ́ òru ń bọ̀ láti Kírìkirì lákòókò yẹn, sìmẹ́ńtì ti kùn wọ́n ní funfun, gbogbo wọn jọra.

"Bàbá mi! Ó ti lọ o! Ẹ máa bọ̀!"

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà dúró, ó yíjú padà. Ojú ẹlòmíràn ni. Ó wo ọmọdé náà díẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Risi tún pè. Ó dúró. Àwọn ọkùnrin ń kọjá títí wọ́n fi tán, tí títì fi ṣófo. Kò sí ẹni tó lóṣòó síbì kankan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo abẹ́ afárá pàápàá. Ó wá padà sínú àgbàlá, ó rọra fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó sọ fún ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń jíṣẹ́ tí wọ́n rán an:

"Màmi, wọn ò sí níta."

Màmá Ebi ló dáhùn. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Wọn ò sí níta."

Risi ní, "Ẹrù tèmi dà?" Wọ́n gbé e rù ú. Mo sìn wọ́n dé ibi tí ìyá mi ní kí n dé. Kò sunkún, ọwọ́ rẹ̀ tó bó wà nínú ọwọ́ mi títí mo fi yà. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, omi tún wọlé, ó bo gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n gbá. A gbé ìdáná sórí tábìlì.

Ilé pákó yẹn ò sí mọ́. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ilé ibẹ̀ báyìí, wọ́n gbé e ga, omi sì ṣì ń wá, ọ̀rá ló ń gbé wá báyìí, kì í ṣe sálúbàtà. Màmá Ebi ti lọ, ìyá mi ti lọ. Àwọn ọmọ tó kó wọ àgbàlá lẹ́yìn wa bá eré yẹn níbẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Ìjọ́rà, wọ́n gbé e wá sí Àmùkòkò, mi ò sì ní ní kí wọ́n má ṣe é. Ó dára kí àwọn ọmọ máa sáré.

Ohun kan ni mo yí padà nínú ilé tèmi. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn èèyàn ní kí n sọ fún àwọn ọmọ pé bàbá wọn rìnrìn-àjò. Mo pe gbogbo wọn jókòó, àtèyí tó kéré jù, mo ní, "Bàbá yín ti kú. Wọn ò ní wálé mọ́. Ẹ sunkún." A jọ sun ún. Wọ́n ní ẹnu mi le. Ẹ jẹ́ kó le.

Mi ò gbúròó Risi mọ́ láti ọjọ́ náà. Tó bá wà láyé, á ti di ìyá àgbà bíi tèmi, ẹ̀yìn á máa dùn ún bó bá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sà jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, eruku nìkan ló ń bá lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀.